Ṣọ́ọ̀bù ìyá oníkọ́mú ní Iléṣà: ẹ ra kọ́mú níbẹ̀, ẹ fi ìbọ̀pá sílẹ̀

Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti gé ọyàn mi òsì nítorí jẹjẹrẹ, ó sì ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń ra kọ́mú àti ọyàn àtọwọ́dá lọ́wọ́ aránṣọ kan ní Iléṣà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ẹrẹ́jà. Kò sí pátákó lójú ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá oníkọ́mú ni àwọn aláṣọ tó yí i ká ń pè é, ohun tí èmi náà yóò sì máa pè é nìyẹn, nítorí pé ẹni tí kò fẹ́ kí orúkọ òun wà lára pátákó kò ní fẹ́ kí n gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rà, iye tí mo rà á, èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn àti èyí tó kó mi sí wàhálà, ìyẹn ìbọ̀pá, aṣọ fífún tí a ń kì bọ apá tó bá wú, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá kàn lè mọ ohun tí yóò béèrè nígbà tó bá débẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ará ilé àti ará ìjọ fi ń dá mi lóhùn nígbàkígbà tí mo bá ṣàròyé pé èjìká ń ro mí tàbí pé apá mi ń wú, nítorí lójú tiwọn, ẹni tí jẹjẹrẹ fi sílẹ̀ láàyè tó tún ń rojọ́ apá jẹ́ aláìmoore. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀tẹ̀ bá ti san tán, làpálàpá náà a máa yún ni, ẹni tó wà láàyè ni yóò sì máa họ ọ́. Iṣẹ́ abẹ, oògùn kẹ́mò àti ìtànṣán tí mo lọ gbà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, gbogbo rẹ̀ kò pé ọdún kan tó fi parí. Ohun tó kù lẹ́yìn wọn ni yóò bá mi dalẹ́. Oògùn tamoxifen, èyí tó ń dín ewu kí jẹjẹrẹ ọyàn padà wá kù, mílígíráàmù 20 lójúmọ́, ni mo ń lò. Ọdún márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ fún èèyàn, ó sì lè di mẹ́wàá bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Òun ló ń mú kí ooru ṣàdédé bò mí lọ́sàn-án àti lóru. Àwọ̀ àyà tí ìtànṣán kọjá lára rẹ̀ ṣì gbẹ, ó sì fẹ́lẹ́. Abẹ́ abíyá tí wọ́n ti yọ àwọn kókó kéékèèké tí omi ara ń gbà kọjá kò lè da omi náà padà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni kọ́mú kan ṣoṣo ní láti gbà mọ́ra láti àárọ̀ títí di alẹ́, ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ọ̀rọ̀ kọ́mú jẹ́ ọ̀rọ̀ oge lásán.

Kí n tó mọ ibẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ-ọmọ mi ni mo máa ń ká sínú kọ́mú. Ó ṣeé wò nínú dígí, ṣùgbọ́n kò wúwo, nítorí náà apá òsì kọ́mú a máa sún gòkè díẹ̀díẹ̀ bí mo bá ti ń rìn, nígbà tí ọyàn ọ̀tún ń fa èjìká tirẹ̀ wálẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ fún àdúrà, ìbọ̀sẹ̀ kan sì yọ bọ́ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ìyàwó pásítọ̀ ló fi ìborùn rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ tó sì ṣà á. Òun náà ló júwe ṣọ́ọ̀bù ìyá oníkọ́mú fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Aṣọ ilé-ìwé ni obìnrin náà ń rán láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ṣì ń rán an. Yúnífọ́ọ̀mù ló kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, èyí tó dùn mọ́ mi nínú gan-an, nítorí ẹni tó bá rí yín tí ẹ ń wọlé yóò rò pé aṣọ ọmọ ni ẹ wá gbà. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni yàrá kékeré kan wà tí kọ́tìnì tó nípọn bò lẹ́nu. Dígí ńlá kan wà nínú yàrá náà tó fi ìró bò lójú, kò sì ní ká ìró náà kúrò títí ẹ ó fi sọ fún un pé ẹ fẹ́ wo ara yín. Èmi kò sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà kò sì bi mí. Nígbà tí mo padà lọ gba kọ́mú ni mo ní kí ó ká a. Nígbà tó rí ojú àpá mi, kò ṣe háà, bẹ́ẹ̀ ni kò kẹ́dùn mi. Ó kàn ń fi téèpù wọ̀n mí, ó ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé, bí ìgbà tí èèyàn ń wọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ wọ kíláàsì tuntun. Mo ti jẹ́ tíṣà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo sì mọ iyì ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ ọ́ di àánú.

Ibi tí mo ti gbóṣùbà fún un jù ni ọ̀nà tó ń gbà mọ bí ọyàn àtọwọ́dá yóò ti wúwo tó. Ó ní àwọn àpò kéékèèké tó ti wọ̀n sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, láti gíráàmù 200 títí dé 600, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 50 ju èkejì lọ. Yóò fi wọ́n sínú kọ́mú lẹ́yọ lẹ́yọ, yóò ní kí ẹ rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń gbálẹ̀, kí ẹ ná ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń sá aṣọ, yóò sì máa wo èjìká yín láti ẹ̀yìn. Gíráàmù 400 ni èjìká mi méjèèjì ti dọ́gba. Ó lè dà bí àṣejù lójú ẹni tí kò kàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ bá wúwo ju èkejì lọ a máa tẹ̀ láìmọ̀, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Láàárín oṣù kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo tirẹ̀, ìrora tó máa ń mú mi láàárín èjìká méjèèjì ní ìrọ̀lẹ́ lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ojú egbò rẹ̀ kò tíì jiná, kì í ta oníwúwo fún un. Òwú ni yóò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, yóò sì ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí dókítà bá ti yọ̀ǹda, èyí tó bá ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ mu.

Kọ́mú fúnra rẹ̀ kò ní àléébù tó pọ̀. Òwú gidi ni aṣọ tó kan ara, kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀, nítorí náà ó ń mu òógùn nígbà tí ooru tamoxifen bá dé. Àpò wà nínú rẹ̀ níhà méjèèjì, tí ọyàn àtọwọ́dá fi ń jókòó sójú kan. Okùn èjìká fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, kì í gé ni lára, iwájú sì ni ó fi ìkọ́ sí. Ìkọ́ iwájú yìí ṣe pàtàkì, torí pé ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ tó wà níhà ibi tí wọ́n gé kò lè dé ẹ̀yìn dáadáa. Àléébù kan tí mo rí ni pé rọ́bà abẹ́ rẹ̀ a máa rọ̀ lẹ́yìn bí oṣù mẹ́jọ, pàápàá bí ẹ bá ń sá a sínú oòrùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni mo ra ọ̀kan, mo sì ra mẹ́ta. Ọyàn àtọwọ́dá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti ààbọ̀. Ọmọ mi kan ti bá mi ra èyí tí wọ́n fi sílíkóónù ṣe láti Èkó, owó rẹ̀ sì ju ti ìyá oníkọ́mú lọ ní ìlọ́po ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó rí bí ọyàn gidi ju tiwa lọ, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ pọ̀, ibi àpótí ni mo tọ́jú rẹ̀ sí, ọjọ́ ayẹyẹ ni mo ń lò ó.

Àkọ́kọ́ tó ṣe fún mi kò dára. Ọkà jéró ló kó sínú rẹ̀, ó ní ó máa ń jókòó bí ara, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n jéró kò ṣeé fọ̀. Òógùn mi wọ inú rẹ̀ ní àkókò òjò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, kòkòrò sì jáde nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo wà nípàdé ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo dá a padà, inú mi kò sì dùn. Kò bá mi jiyàn, kò sì gba owó lọ́wọ́ mi láti ṣe òmíràn. Wóró rọ́bà kéékèèké, irú èyí tí àwọn oníléeṣẹ́ ọ̀rá fi ń ṣe ọ̀rá, ló lò níkejì, ó pò ó mọ́ òwú, ó sì fi ìdè sí ẹnu àpò náà kí n lè tú u, kí n fọ̀ ọ́, kí n sì tún sá a. Láti ìgbà náà, kò ta jéró fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ rí i dájú pé wóró rọ́bà ni ẹ gbà.

Ìbọ̀pá ló wá kù, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi sọ ọjọ́ tí n óò máa padà wá fún àyẹ̀wò, wọ́n sì sọ pé kí n máa ya fọ́tò inú ọyàn tó kù, èyí tí wọ́n ń pè ní mammogram, lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé apá lè wú, yálà lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tàbí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí òrùka mi kò bọ́ mọ́, tí apá ẹ̀wù mi sì ń fún níhà kan, ìyá oníkọ́mú ni mo sáré tọ̀ lọ. Ó ní òun náà ń rán ìbọ̀pá, ìyẹn aṣọ tó ń fà tí a ń kì bọ ọwọ́ láti ọrùn ọwọ́ títí dé òkè apá. Ó wọn ọrùn ọwọ́ mi àti òkè apá mi, ó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ó sì rán an fún mi ní ọjọ́ kejì. Ó mọ́ lójú, ó bá àwọ̀ ara mi mu. Ọjọ́ kẹrin tí mo wọ̀ ọ́ ni ìka mi wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tí ẹ̀yìn ọwọ́ mi sì ń dán.

Oníṣẹ́ físíò kan, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá wo ara sàn, tí mo lọ bá ní Ilé-Ifẹ̀ ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, ó sì fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ lójú aṣọ náà. Ìbọ̀pá tó bá pé gbọ́dọ̀ fún ni jù lọ ní ọrùn ọwọ́, kí fífún náà sì máa dínkù bí ó bá ti ń gòkè lọ, kí omi ara lè máa bá ojú ọ̀nà náà gòkè padà sínú ara. Ti ìyá oníkọ́mú, rọ́bà tó fi sí òkè apá kí ó má baà yọ́ wálẹ̀ ni ó fún jù. Ó ti di ìsédò: omi ń wá láti ìsàlẹ̀, kò rí ọ̀nà kọjá, ó sì dà sínú ọwọ́ àti ìka. Kò burú fún aṣọ, ọwọ́ aránṣọ náà sì mọ́, ṣùgbọ́n apá kì í ṣe aṣọ. Físíò náà fi téèpù wọn apá mi ní ibi mẹ́fà, ó wọn ti ọ̀tún náà láti fi wéra, ó sì kọ ìwọ̀n ìfúnpọ̀ 20 sí 30 mmHg, irú òǹkà kan náà tí wọ́n fi ń ka ẹ̀jẹ̀ ríru, fún mi láti lọ rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ìwòsàn. Ó ní kí n ra méjì, kí n máa fọ ọ̀kan wọ ọ̀kan, kí n bọ́ ọ lóru, kí n sì pààrọ̀ wọn lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, nítorí rọ́bà wọn kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí wọ́n bá ti gbó. Ó tún ní bí apá náà bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, kí n má ṣe wọ ìbọ̀pá sí i rárá. Ilé ìwòsàn ni kí n gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kòkòrò àrùn máa ń tètè ràn nínú apá tí omi bá dúró sí.

Ẹ̀kọ́ kan tí físíò yẹn tún kọ́ mi ya ọkọ mi lẹ́nu. Gbogbo èèyàn ló ti sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan kan mọ́ láéláé, bẹ́ẹ̀ ìyá Ìjẹ̀ṣà tí kò lè di ọmọ odó mú dà bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ó ní ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009 fi hàn pé gbígbé ohun tó wúwo, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti kékeré tí a sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà, kì í mú kí apá tó ti wú tún wú sí i. Ike omi onídajì lítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń rìn ní àràárọ̀ pẹ̀lú, kí n lè pé ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n ń gba àwọn tó la jẹjẹrẹ já níyànjú. Iyán náà ti padà sí ọwọ́ mi ní ọjọ́ Àìkú, ti ẹni méjì péré.

Mo padà lọ bá ìyá oníkọ́mú, mo sì fi ohun tí físíò sọ hàn án. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Màmá, mi ò mọ̀ pé ó ní ìhà tó ń gbà fún. Mo rò pé kí ó ṣáà ti fún ni." Ó dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi padà láìjẹ́ pé mo béèrè rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó yé tà á, kí ó máa darí àwọn oníbàárà lọ sọ́dọ̀ físíò. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní oṣù tó kọjá, ìbọ̀pá méjì ṣì wà lára ìkọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó ní àwọn kan ń fi dandan béèrè rẹ̀, pé ti ilé ìtajà ohun èlò ìwòsàn wọ́n jù fún wọn. Mo gbà pé ó wọ́n. Mi ò gbà pé èyí tó ń sé omi mọ́ni lápá jẹ́ ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀.

Àga onígi gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì náà yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń retí ara wa, a sì ń gbọ́ nǹkan púpọ̀ níbẹ̀, rere àti búburú. Níbẹ̀ ni mo ti bá ọkùnrin kan pàdé tó mú ìyàwó rẹ̀ wá, tí òun fúnra rẹ̀ sì ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CML. Láti 2003 ni ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní oògùn Glivec lọ́fẹ̀ẹ́, nínú ètò ìrànwọ́ tí iléeṣẹ́ Novartis gbé kalẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn ní Nàìjíríà wá gbà á níbẹ̀. Ó ní òun ti fi oògùn yẹn tọ́ ọmọ mẹ́ta jáde yunifásítì. Mo ronú lé e lórí nígbà tí mo délé: oògùn ti wá fún un, kò sì sí ètò kankan tó wá pẹ̀lú kọ́mú ìyàwó rẹ̀, aránṣọ yúnífọ́ọ̀mù ló ń ṣe é. Nínú oṣù Ọ̀wàwà, oṣù ìpolongo lórí jẹjẹrẹ ọyàn, wọ́n ń pín rìbọ́ọ̀nù píǹkì fún wa. Mi ò tíì rí ẹni tó pín ìbọ̀pá.

Lórí àga yẹn kan náà ni mo ti gbọ́ tí obìnrin kan ń gba èkejì níyànjú pé kí ó dá tamoxifen dúró nítorí pé ọdún méjì ti tó, kí ó máa mu àgbo. Ìyá oníkọ́mú ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀ dá sí i, ó ní ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ oògùn nínú ṣọ́ọ̀bù òun, òun yóò fi kún owó rẹ̀, pé kí wọ́n lọ bi dókítà. Ẹ̀rín ni gbogbo wa rín, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ní ti owó, ó ń gbà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè san ìdajì kí ẹ tó kó ẹrù, kí ẹ san ìyókù láàárín oṣù méjì, bí àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́ ṣe ń ta aṣọ, àyàfi pé eléyìí kì í lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà yín. Ìdádúró ni ẹ̀sùn tí mo ní sí i: ọ̀sẹ̀ kan ni yóò dá fún yín, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò sì di, pàápàá ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ tí àwọn ọmọ ń wọlé. Ẹ má jẹ́ kí kọ́mú yín gbó tán kí ẹ tó lọ.

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́rú àti ọjọ́bọ̀ ló dára jù fún ìwọ̀n, torí pé àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù kì í pọ̀ nígbà náà. Ẹ wọ bùláòsì tó ń ṣí níwájú lọ, ẹ mú kọ́mú tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ dání kí ó lè rí ibi tó ti gbó, bí ẹ bá sì ti sanra tàbí rù láti ìgbà tó ti wọ̀n yín kẹ́yìn, ẹ ní kí ó tún yín wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í gba owó fún ìyẹn. Èmi yóò padà lọ ní ìparí oṣù yìí fún rọ́bà abẹ́ kọ́mú méjì tó ti rọ̀, mo sì ti gba ìwé físíò dání, èyí tó ya àwòrán apá sí pẹ̀lú ibi mẹ́fà tí a ti ń wọ̀n ọ́n, láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn rẹ̀, lójú ìkọ́ tí àwọn ìbọ̀pá yẹn wà.